Kirsty Coventry kó tó di ààrẹ IOC: ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣe nínú omi

Òmùwẹ̀Àgbà kọ:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tí wọ́n ti dìbò yan Kirsty Coventry, òmùwẹ̀ ọmọ Zimbabwe, ṣe ààrẹ IOC (àjọ tó ń darí Òlíḿpíìkì) ní oṣù kẹta ọdún 2025 ni mo ti ń ka ohun táwọn èèyàn ń kọ nípa ẹ̀. Obìnrin àkọ́kọ́, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́, ìbò 49 nínú 97, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n dìbò tó sì wọlé. Gbogbo ẹ̀ dáa, inú mi dùn sí i gan-an. Ohun tó kàn ń dùn mí ni pé tí wọ́n bá ti dé ibi iṣẹ́ tó sọ ọ́ dẹni ńlá, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kọ, "ó gba mẹ́dàlì méje", ó parí, wọ́n á bọ́ sórí òṣèlú.

Mẹ́dàlì méje yẹn kì í ṣe ohun tá a kàn ń sáré kọjá lórí ẹ̀. Ní Athens lọ́dún 2004 ó gba góòlù nínú 200m backstroke (fífẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́ nìyẹn), fàdákà nínú 100m backstroke, àti idẹ nínú 200m medley (eré tí wọ́n ti ń pa oríṣi lílúwẹ̀ẹ́ mẹ́rin pọ̀). Ní Beijing lọ́dún 2008 ó tún gba góòlù 200m backstroke yẹn, ó wá gba fàdákà mẹ́ta lé e, nínú 100m backstroke, 200m medley àti 400m medley. Kò sí relay kankan níbẹ̀ o, òun nìkan ló lúwẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀. Ẹ sì wò ó, gbogbo mẹ́dàlì tí Zimbabwe tíì gbà ní Òlíḿpíìkì látìgbà tí wọ́n ti ń jẹ́ Zimbabwe, mẹ́jọ péré ni. Ọ̀kan ni góòlù táwọn obìnrin tó ń gbá họ́kì gbà ní Moscow lọ́dún 1980. Méje tó kù, tiẹ̀ ni.

Èmi gbà pé Beijing yẹn, láti ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ, ló fi irú eléré tó jẹ́ hàn. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin góòlù bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ sì ni nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti lúwẹ̀ẹ́ kọjá rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé tó wà nílẹ̀ kí Òlíḿpíìkì yẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ keje ló tó rí góòlù mú. Ẹ wá sọ tiyín.

Àdùkẹ́_Eré kọ:

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ẹ̀gbọ́n. Èmi ìdìbò yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n, mo ti rò pé Sebastian Coe tí gbogbo ayé mọ̀ ló máa wọlé, àfi bí wọ́n ṣe ní ìbò mẹ́jọ ló ní, Samaranch ọmọ ní 28, obìnrin yìí ti kó 49. Bí mo ṣe lọ wá ìtàn ẹ̀ kà nìyẹn.

Sydney 2000 ló wú mi lórí jù. Ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ṣí eré yẹn, ọjọ́ 16 ló pé ọmọ ọdún 17. Ọmọ ilé ìwé girama láti Harare ni nígbà yẹn o. Ó dé sẹmí-fáínà 100m backstroke, òmùwẹ̀ Zimbabwe kankan ò sì tíì dé sẹmí-fáínà Òlíḿpíìkì rí ṣáájú ẹ̀. Kò gba nǹkan kan lọ́dún yẹn, àmọ́ ọmọ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́mọ ọdún 17, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀.

Kòlébínú kọ:

Gbogbo yín ń sọ Zimbabwe, Zimbabwe. Ẹ má fi ti Amẹ́ríkà pamọ́ o. Auburn University ní Alabama ló lọ lẹ́yìn Sydney, ibẹ̀ ni wọ́n ti tún un ṣe. Nígbà tó wà níbẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin wọn ló gba ife NCAA (ìdíje àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà) lọ́dún 2003 àti 2004. Tó bá jẹ́ pé Harare ló jókòó sí, ṣé a máa máa sọ̀rọ̀ ẹ̀ lónìí? Mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Òmùwẹ̀Àgbà kọ:

@Kòlébínú, òótọ́ lẹ sọ, kò sẹ́ni tó máa jiyàn Auburn. Ẹgbẹ́ tó ń gba ife lọ́tùn-ún lósì, àwọn tó ń bá a díje lójoojúmọ́ nínú púùlù kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí àwọn tó máa bá pàdé ní Òlíḿpíìkì. Àmọ́ ẹ wo ohun tí Àdùkẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lókè. Kó tó fẹsẹ̀ kan Alabama ló ti dé sẹmí-fáínà Òlíḿpíìkì. Ẹni tó ti mọ ọ̀nà ni wọ́n gbà síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní a-bí-dí.

Ohun kan tún wà tí kì í jẹ́ kí n fara mọ́ ọ̀rọ̀ "Amẹ́ríkà ló ni ín". Ọ̀pọ̀ eléré ló máa ń yí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣojú fún padà tí wọ́n bá ti rí ibi tó rọrùn. Obìnrin yìí gbé Amẹ́ríkà fún ọdún púpọ̀, kò yí nǹkan kan padà. Òlíḿpíìkì márùn-ún ló lọ, 2000, 2004, 2008, 2012, 2016, Zimbabwe ló wà láyà ẹ̀ nínú gbogbo ẹ̀.

Ajíṣafẹ́ kọ:

Ẹ bá mi là á yé o, mi ò mọ nǹkan kan nípa eré lílúwẹ̀ẹ́, mo kàn fẹ́ràn ìtàn ni. Ẹ ní ó kọjá rẹ́kọ́ọ̀dù nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ti gba fàdákà. Báwo lèèyàn ṣe máa kọjá rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé kó má gba góòlù?

Ẹja_Lábẹ́Omi kọ:

@Ajíṣafẹ́ ìbéèrè gidi lo bi, jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ fún ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ 10, 400m medley. Medley ni eré tí wọ́n ti ń lo ọ̀nà mẹ́rin, butterfly lákọ̀ọ́kọ́, backstroke, breaststroke, wọ́n á fi freestyle parí ẹ̀. Kí wọ́n tó dé Beijing, Katie Hoff ọmọ Amẹ́ríkà ló ni rẹ́kọ́ọ̀dù, 4:31.12. Kò sí obìnrin kankan tó tíì wọ abẹ́ 4:30 láyé yìí. Coventry lúwẹ̀ẹ́ 4:29.89. Ṣé o rí i? Ó ti ṣe ohun tẹ́nì kan ò ṣe rí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Stephanie Rice ọmọ Ọsirélíà wà nínú omi kan náà, ó sì ti fọwọ́ kan ògiri ní 4:29.45. Ìṣẹ́jú-àáyá 0.44 ló wà láàárín wọn. Hoff fúnra ẹ̀ ló ṣe ẹ̀kẹta.

Ọjọ́ 11, sẹmí-fáínà 100m backstroke. Ó fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, 58.77. Ọjọ́ 12, fáínà, Natalie Coughlin gba góòlù ní 58.96, Coventry ṣe 59.19. Ìyẹn ni pé ká ní ó lúwẹ̀ẹ́ bó ṣe lúwẹ̀ẹ́ lánàá ẹ̀ ni, òun ni ì bá gba góòlù.

Ọjọ́ 13, 200m medley. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó wà nílẹ̀ jẹ́ 2:08.92, Rice ló ni ín. Coventry ṣe 2:08.59. Rice tún ṣe 2:08.45. Ìṣẹ́jú-àáyá 0.14, kó o tó ṣẹ́jú ó ti kọjá.

Ajíṣafẹ́ kọ:

Háà. 58.77 yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ẹ̀. Kí ló dé tí kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀kejì?

Kóòṣì_Omi kọ:

Èmi máa dáhùn ìyẹn torí iṣẹ́ mi ni.

Ẹ kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe to eré yẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà àárọ̀ ni wọ́n máa ń lúwẹ̀ẹ́ ìpele àkọ́kọ́, fáínà á wá di ìrọ̀lẹ́. Ní Beijing wọ́n yí i padà, fáínà wá di àárọ̀ kó lè bọ́ sí àkókò tí Amẹ́ríkà ń wo tẹlifíṣọ̀n lálẹ́. Nítorí náà, àárọ̀ ọjọ́ 10 ló lúwẹ̀ẹ́ 400m medley tó le jù lọ nínú eré ẹ̀ gbogbo, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló padà wá fún ìpele àkọ́kọ́ 100m backstroke. Àárọ̀ ọjọ́ 11 ni sẹmí-fáínà, ìrọ̀lẹ́ ẹ̀ ni ìpele àkọ́kọ́ 200m medley. Àárọ̀ ọjọ́ 12, fáínà 100m backstroke àti sẹmí-fáínà 200m medley, méjèèjì láàárọ̀ kan náà. Ara kì í ṣe igi. Àmọ́ kí n má purọ́, Coughlin náà wà nínú 100m backstroke àti 200m medley yẹn, òun náà ti ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́ obìnrin yìí jẹ, Coughlin mọ eré yẹn lúwẹ̀ ni, òun ló ti gbà á ní Athens, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba 100m backstroke lẹ́ẹ̀mejì léra.

Ohun kejì ni backstroke fúnra ẹ̀. Ẹni tó ń fẹ̀yìn lúwẹ̀ẹ́ ò rí ògiri. Ó dà bí ẹni tó ń fẹ̀yìn rìn wọ yàrá tó ṣókùnkùn biribiri tó sì gbọ́dọ̀ máa sáré. Ohun tó ń tọ́ ọ sọ́nà ni àwọn àsíá kéékèèké tí wọ́n so kọjá lókè omi, mítà márùn-ún sí ògiri. Tó bá ti rí àsíá yẹn lókè orí ẹ̀, kíkà ló kù: ọwọ́ kan, ọwọ́ méjì, ọwọ́ mẹ́ta, kó yí dojú kọ omi, kó ta kìtì, kó fẹsẹ̀ ti ògiri. Iye ọwọ́ yẹn ti wà lórí látọjọ́ pípẹ́. Tí ara bá wá rẹ èèyàn, ọwọ́ á kúrú, iye tó mọ̀ látẹ̀yìnwá ò ní ṣe wẹ́kú mọ́, yálà kó jìnnà sí ògiri kó máa fà wá, tàbí kó sún mọ́ ọn jù kí orúnkún ká mọ́ ọn láyà. Nínú 200m, ó ní àyè láti tún irú ẹ̀ ṣe. Nínú 100m, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń yí, tó o bá ṣì í, ó ti bọ́ nìyẹn. Mi ò sọ pé ohun tó ṣe Coventry nìyẹn o, mo kàn ń sọ bí ìṣẹ́jú-àáyá 0.23 ṣe lè kéré tó.

Tún fi èyí kún un: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ògiri, mítà 15 ni òfin gbà kí wọ́n fi wà lábẹ́ omi, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ ta bí ìrù ẹja. Ibẹ̀ ni èémí ti máa ń tán. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wúwo látàná á yọrí kó tó yẹ.

Àdùkẹ́_Eré kọ:

Kóòṣì, ẹ ṣé o. Látòní lọ mi ò ní wo backstroke kí n má wo àsíá yẹn.

Tòótọ́LaGbọ́ kọ:

Gbogbo ìyìn yìí dáa àmọ́ ẹ̀ ń fi aṣọ pamọ́. Ọdún 2008 ni ọdún LZR, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ tó ń jẹ́ kí èèyàn yára nínú omi. Oṣù kejì ọdún yẹn ni Speedo gbé aṣọ yẹn jáde, oṣù kejì yẹn náà ni Coventry fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù 200m backstroke ti Krisztina Egerszegi ọmọ Họ́ngárì, èyí tó ti wà nílẹ̀ látọdún 1991. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó dúró fún ọdún tó lé ní 16! Níbi ìdíje àgbáyé ní Rome lọ́dún 2009 tí aṣọ wá burú sí i, ó tún ṣe 2:04.81. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2010 ni wọ́n fòfin de àwọn aṣọ yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé ẹ tún gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́dọ̀ ẹ̀?

Òmùwẹ̀Àgbà kọ:

@Tòótọ́LaGbọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ kì í ṣe ẹ̀sùn kékeré, ó yẹ ká sọ ọ́. Àwọn aṣọ yẹn ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń fún ara pọ̀, wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn léfòó dáadáa. Àmọ́ ta ni kò wọ̀ ọ́? Nínú fáínà 200m backstroke ní Beijing, Margaret Hoelzer wà níbẹ̀, ẹni tó ti gba rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn lọ́wọ́ Coventry níbi ìdíje tí Amẹ́ríkà fi ń mú eléré lóṣù keje ọdún yẹn, 2:06.09. Coventry ṣe 2:05.24, Hoelzer ṣe 2:06.23. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú-àáyá kan gbáko. Aṣọ ò fún ẹnì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan kó fi du ẹnì kejì.

Ti Athens 2004 ńkọ́? Aṣọ wo ló wà nígbà yẹn? 2:09.19 ló fi gba góòlù, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ LZR. Ti Rome náà, 2:04.81, ẹni tó ṣe ẹ̀kejì lọ́jọ́ yẹn, Anastasia Zueva ọmọ Rọ́ṣíà, ṣe 2:04.94, ẹ rí i pé wọ́n lé e dé etí ògiri. Missy Franklin ló wá fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù náà ní London lọ́dún 2012, 2:04.06, pẹ̀lú aṣọ tí òfin gbà. Tó bá jẹ́ aṣọ nìkan ni, ọmọ ọdún 17 ò ní kọjá ẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta láìwọ aṣọ yẹn. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó bójú mu ni, ẹni tó ju ẹni lọ ló wá gbà á.

BàbáSàájú kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ó dùn ún kà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bíi pé inú omi ni wọ́n bí i sí tó sì ń gbé. Ẹ rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Zimbabwe lọ́dún 2008 tẹ́ ẹ̀ ń yìn yìí. Oṣù kẹfà ni wọ́n fẹ́ tún ìbò ààrẹ dì tí Morgan Tsvangirai, olórí alátakò, ní òun ò bá wọn dù ú mọ́, torí bí wọ́n ṣe ń lu àwọn alátìlẹyìn ẹ̀ tí wọ́n sì ń pa wọ́n. Iye tí ìjọba fúnra ẹ̀ kéde pé ọjà fi gbówó lórí lóṣù keje jẹ́ ìdá 231 mílíọ̀nù nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn èèyàn ò rí oúnjẹ rà. Oṣù kẹjọ, Coventry padà wálé, Robert Mugabe kó 100,000 dọ́là Amẹ́ríkà fún un. Dọ́là o, kì í ṣe owó tí ará ìlú ń ná. Ó sì gbà á. Lọ́dún 2018 ó di mínísítà eré ìdárayá lábẹ́ ààrẹ Emmerson Mnangagwa. Ẹ̀yin ẹ ní ká sọ̀rọ̀ omi, èmi ní omi àti ilẹ̀ jọ wà pọ̀ ni.

Ìyá_Ìbejì kọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ bàbá. Mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ọmọ ọdún 24 ni lọ́jọ́ tí wọ́n kó owó yẹn fún un, lójú gbogbo èèyàn. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Kó dá a padà sójú Mugabe, nílùú tí wọ́n ti ń pa èèyàn nítorí ìbò, gẹ́gẹ́ bẹ́ ẹ ṣe sọ fúnra yín? Ó sọ pé iṣẹ́ àánú ni òun fi owó náà ṣe. Ẹni tó bá wà nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ló mọ ohun tó ń lọ láyà ẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé aláwọ̀ funfun ni. Látọdún 2000 ni wọ́n ti ń gba oko lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ funfun níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọ̀ ti di ọ̀bẹ. Lọ́dún 2004 tó dé láti Athens, àwọn aláwọ̀ dúdú ló kún pápákọ̀ òfúrufú wá pàdé ẹ̀, tìlù tijó, àwọn òbí ń fi orúkọ ẹ̀ sọ ọmọ. Ẹ sọ fún mi, ta ló tún lè kó àwọn èèyàn yẹn jọ síbì kan nígbà yẹn kí inú gbogbo wọn sì dùn? Kì í ṣe olóṣèlú kankan.

BàbáSàájú kọ:

Ìyá_Ìbejì, o sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ti owó yẹn, mo gbà fún ẹ, ọwọ́ Mugabe ló wà, kò sí lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Àmọ́ ti mínísítà, kò sẹ́ni tó fi ìbọn sí i lórí. Ọmọ ọdún 34, ó ti mọ ayé, ó mọ irú ìjọba tóun ń bọ́ sínú ẹ̀.

Tòótọ́LaGbọ́ kọ:

Mo dúró ti bàbá. Kódà ẹ wo bó ṣe rí nígbà tó ń ṣe mínísítà. Oṣù kejì ọdún 2022 ni FIFA lé Zimbabwe kúrò nínú bọ́ọ̀lù nítorí pé ìjọba ń tọwọ́ bọ̀ ọ́, oṣù keje 2023 ni wọ́n tó gbà wọ́n padà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn ò rí ìdíje wọlé fún ife Áfíríkà gbá.

Òmùwẹ̀Àgbà kọ:

Ó yẹ ká pa tọ̀tún-tòsì ẹ̀ pọ̀ o. Àjọ tó ń mójú tó eré ìdárayá níbẹ̀ ló dá ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù dúró lóṣù kọkànlá ọdún 2021, ohun tí wọ́n sọ pé ó fà á ni ìnákúnàá owó àti ẹ̀sùn pé wọ́n ń fi ìbálòpọ̀ yọ àwọn obìnrin rẹfirí lẹ́nu. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni mínísítà, ṣé ẹ máa wò wọ́n níran? FIFA ní òfin tiẹ̀, òfin yẹn ò gba kí ìjọba dá sí i, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ló jìyà ẹ̀, mo gbà, ó sì dùn mí fún wọn.

Bàbá, mo gbọ́ yín. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má bi í ní ìbéèrè. Ipò tó wà báyìí, ìbéèrè gbọ́dọ̀ pọ̀. Àmọ́ ẹ wò ó, ohun tí mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ni pé àwọn méjèèjì, àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ àtàwọn tí kò fẹ́ràn ẹ̀, orí àga ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀. Ẹ̀rí tá a ní nípa ìwà ẹ̀ lábẹ́ ìnira, inú púùlù ló pọ̀ sí jù, kò sì sẹ́ni tó ń lọ síbẹ̀ lọ wò ó.

Ẹ gbé Athens àti Beijing síra wọn. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, 200m backstroke ló kẹ́yìn nínú eré ẹ̀. Ní Athens ó kọ́kọ́ pàdánù 100m backstroke fún Coughlin pẹ̀lú ìṣẹ́jú-àáyá 0.13, ó gba idẹ nínú medley lẹ́yìn Yana Klochkova àti Amanda Beard, ó tó wá gba góòlù. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀, ohun kan náà, ó tiẹ̀ le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èèyàn tó bá ti gba fàdákà mẹ́ta léra, tí ìyàtọ̀ gbogbo ẹ̀ pọ̀ kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó rọrùn kó sọ pé ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe tèmi. Ó ní ọjọ́ mélòó kan láti fi ro ìrònú yẹn, ó tún padà wọ omi fún ìpele àkọ́kọ́, fún sẹmí-fáínà, fún fáínà. Rẹ́kọ́ọ̀dù àgbáyé ló fi parí ẹ̀. Egerszegi nìkan ló ti gba 200m backstroke léra ṣáájú ẹ̀ láàárín àwọn obìnrin.

Kóòṣì_Omi kọ:

Ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní lílúwẹ̀ẹ́ wò. Mo ti rí àwọn ọmọ tó dáa, wọ́n á pàdánù eré kan láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti kú sínú omi, kì í ṣe pé ara rẹ̀ wọ́n o, ọkàn ni. O lè kọ́ ọmọ ní bó ṣe máa yí létí ògiri, o lè kà á fún un títí. Bó ṣe máa sùn lálẹ́ ọjọ́ tí góòlù bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kó sì jí wá lúwẹ̀ẹ́, mi ò tíì rí kóòṣì tó lè kọ́ èèyàn nìyẹn tán.

Kòlébínú kọ:

Ẹ̀gbọ́n, tó bá tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ariwo ẹ̀ ò pọ̀? Mo wo Beijing lọ́dún yẹn dáadáa, Phelps nìkan ni mo rántí.

Ẹja_Lábẹ́Omi kọ:

@Kòlébínú o ti dá ara ẹ lóhùn. Àárọ̀ ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ tó gba góòlù yẹn, àárọ̀ yẹn náà ni Michael Phelps gba 100m butterfly tó fi 0.01 ju Milorad Čavić lọ, 50.58 sí 50.59, góòlù keje ẹ̀. Àárọ̀ yẹn náà ni Rebecca Adlington fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù 800m freestyle ti Janet Evans tó ti wà látọdún 1989. Nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì, ibo ni wọ́n fẹ́ fi Coventry sí? Ọjọ́ kejì ẹ̀, ọjọ́ 17, Oussama Mellouli ọmọ Tùnísíà tún gba 1500m freestyle, Áfíríkà gba góòlù méjì nínú púùlù láàárín ọjọ́ méjì, àwọn èèyàn ò tiẹ̀ mọ̀.

Àdùkẹ́_Eré kọ:

Èmi ní ìbéèrè kan. Ṣé kò yẹ kó ti fẹ̀yìn tì lẹ́yìn 2008 tàbí lẹ́yìn Rome? London 2012 ó ṣe ẹ̀kẹfà nínú 200m backstroke, Rio 2016 ó tún ṣe ẹ̀kẹfà. Àwọn kan ní ó pẹ́ jù.

Òmùwẹ̀Àgbà kọ:

Rárá o, mi ò gbà. Ọmọ ọdún 32 ni ní Rio, nínú eré tí àwọn ọmọ ọdún 17 ti ń fọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ṣì wà lára àwọn mẹ́jọ tó yára jù láyé. Ẹ̀kẹfà láyé ni wọ́n ń pè ní pípẹ́ jù? Ẹni tó bá rò pé góòlù nìkan ló yẹ kó mú èèyàn wọ omi kò tíì fẹ́ràn eré yìí. Ọdún 2012 náà ló wọ ìgbìmọ̀ àwọn eléré ní IOC, ó ń ṣojú àwọn eléré, òun náà ṣì ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tó bá ń bá eléré sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹni tó gbàgbé bó ṣe ń rí.

Ajíṣafẹ́ kọ:

Mo fẹ́ lọ wò ó lálẹ́ yìí. Èwo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹja_Lábẹ́Omi kọ:

Bẹ̀rẹ̀ látorí 400m medley ọjọ́ 10, má wo góòlù, wo òun àti Rice nìkan. Lẹ́yìn náà wo sẹmí-fáínà 100m backstroke, kó o wá wo fáínà ẹ̀ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Fi 200m backstroke kẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wá sógiri, wo àsíá tí Kóòṣì sọ lókè, kó o máa bá a ka ọwọ́ ẹ̀.

Òmùwẹ̀Àgbà kọ:

Ó to ó dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kó o ṣe. Tó o bá ti wò ó tán kó o padà wá síbí, torí a ò tíì fẹnu kan Montreal 2005 níbi tó ti gba góòlù àgbáyé méjì nínú backstroke, 100m àti 200m, pẹ̀lú fàdákà méjì nínú medley. Bàbá, ẹ̀yin náà ẹ padà wá o, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mínísítà yẹn ò tíì tán nínú yín.